Ṣakabùlà àti kátíríìjì: Ìdí tí kò fi yẹ kí ọdẹ gbé ìbọn rẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ kó bá a yí i padà

Láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn, láti Kìṣí dé Ìgànná, ṣakabùlà ni ìbọn tí ẹ ó máa rí lọ́wọ́ àwọn ọdẹ wa. Òun ni wọ́n fi ń wá ẹran ìgbẹ́, òun náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé kọ́ èjìká bí wọ́n bá ń ṣọ́ ìlú àti oko lóru. Àmọ́ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ajínigbé ti gbòde kan ní Òkè-Ògùn, ìbéèrè kan wà tí kò kúrò lẹ́nu àwọn ọdẹ mọ́: àwọn èèyànkéèyàn yìí ń yìnbọn léraléra, èmi ṣì ń rọ ẹ̀tù lọ́wọ́. Ṣé alágbẹ̀dẹ ò lè bá mi yí tèmi sí oníkátíríìjì ni?

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Àwọn òyìnbó tó ṣe ìbọn kó wá sílẹ̀ wa náà bi ara wọn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì yí tiwọn padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n yí padà lọ́jọ́ náà yàtọ̀ sí ohun tí ọdẹ máa yí padà lónìí. Ìyàtọ̀ yẹn ló lè gba ọwọ́ èèyàn, ó lè gba ojú rẹ̀, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Báwo ni ṣakabùlà ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ẹnu ni ṣakabùlà ti ń jẹun. Ẹnu ọ̀pá ìbọn ni wọ́n ń da ẹ̀tù sí, wọ́n á fi nǹkan dí i, wọ́n á fi ọ̀pá kì í, kí ọta tó tẹ̀ lé e. Ìdí ọ̀pá náà dí pátápátá, àfi ihò kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ọdẹ bá fa apátí, iná á ṣẹ́ níta, á gba inú ihò yẹn wọlé, ẹ̀tù á sì gbiná.

Apátí yìí náà ló wà nínú òwe àwọn àgbà pé ìbọn ní apátí, ìbọn ò ní apátí, ta ni yóò gbà kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun?

Àléébù ṣakabùlà ò fara sin. Ó ń pẹ́ kí wọ́n tó kì í, òjò lè pa á, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì ń yìn kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tó ń dáàbò bo ẹni tó dì í mú: ìdí rẹ̀ kì í ṣí. Tí kò bá sí aburú nínú irin náà, tí ẹ̀tù ò sì pọ̀ jù, iwájú ni iná ń gbà jáde.

Kí ló wá wà nínú kátíríìjì?

Kátíríìjì kó gbogbo ohun tí ọdẹ ń rọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ike tàbí bàbà kan: ẹ̀tù wà nínú rẹ̀, ọta wà nínú rẹ̀, ohun tó ń ṣáná wà ní ìdí rẹ̀. Kò sí pé à ń kì í, kò sí pé òjò ń pa ẹ̀tù.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni kátíríìjì ń gbà wọlé, kì í ṣe ẹnu. Ìyẹn ni pé ìdí ìbọn tó dí tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣí, kó sì máa padé. Ilẹ̀kùn kan ti wọ ibi tí kò ti sí ilẹ̀kùn rí, iwájú ojú ọdẹ sì ni ilẹ̀kùn ọ̀hún wà. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Àwọn òyìnbó náà yí tiwọn

Lọ́dún 1866, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbọn Enfield tí wọ́n ń ti ẹnu kì. Wọn ò fẹ́ dà wọ́n nù. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Jacob Snider ti ronú bí wọ́n ṣe lè gé ìdí ìbọn náà, kí wọ́n fi ilẹ̀kùn irin sí i, kó lè máa gba kátíríìjì láti ẹ̀yìn. Wọ́n gba ọgbọ́n náà, ìbọn àtúnṣe yìí ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí Snider.

Ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, ìbọn ìléwọ́ tó ní sílíńdà, ìyẹn irin róbótó oníhò márùn-ún tàbí mẹ́fà tó ń yí bí wọ́n ṣe ń yìn ín, ni wọ́n gbé ja ogun abẹ́lé wọn láàárín ọdún 1861 sí 1865. Ẹ̀tù lásán ni wọ́n ń rọ sínú àwọn ihò náà nígbà yẹn, bíi ṣakabùlà. Ẹ̀tọ́ òfin tí ẹlòmíì ní lórí sílíńdà tí wọ́n lu já láti ẹ̀yìn kò jẹ́ kí ilé iṣẹ́ Colt lè ṣe oníkátíríìjì tirẹ̀, àfi ìgbà tí ẹ̀tọ́ náà parí lọ́dún 1869. Láti nǹkan bí ọdún 1871 ni Colt ti ń yí àwọn ìbọn ìléwọ́ ayé àtijọ́ padà sí oníkátíríìjì. Lọ́dún 1873 ni wọ́n gbé tuntun tí wọ́n dìídì ṣe fún kátíríìjì jáde.

Títí di òní, àwọn ilé iṣẹ́ bíi Uberti àti Pietta ní Ítálì ṣì ń ṣe àwòkọ àwọn ìbọn ìléwọ́ ayé ìgbà náà. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń ta sílíńdà tí èèyàn lè fi pààrọ̀ èyí tó bá a wá, kí àwòkọ náà lè jẹ kátíríìjì. Àwọn tó ń fi í ṣeré mọ̀ pé kì í fi gbogbo ìgbà wọlé wọ̀ọ̀. Ìbọn méjì tí wọ́n jáde láti ilé iṣẹ́ kan náà kì í bá ara wọn mu tán. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á fi fáìlì rẹ́ ẹ díẹ̀, á wọ̀n ọ́n wò, á tún rẹ́ ẹ, títí ihò sílíńdà á fi dojú kọ ojú ọ̀pá gẹ́lẹ́.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè sọ pé, ṣé ẹ rí i, fáìlì náà ni alágbẹ̀dẹ wa ń lò. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀ kí fáìlì tó débẹ̀. Irin tí wọ́n mọ ìwọ̀n agbára rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe sílíńdà yẹn. Síbẹ̀, àwọn tó ń tà á ń kìlọ̀ pé kátíríìjì tí agbára rẹ̀ kéré nìkan ni kí wọ́n fi sí i, kí wọ́n má sì fi í sára ìbọn tí wọ́n fi idẹ ṣe ara rẹ̀, nítorí idẹ ò le tó irin. Ọwọ́ ló parí iṣẹ́ náà, ọwọ́ kọ́ ló dán irin wò.

Bí Snider ṣe dé Kírìjì, àti ìdí tí ṣakabùlà fi kù sí wa lọ́wọ́

Ìbọn àtúnṣe ọ̀hún kò jìnnà sí wa. Nínú Ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877 tí kò sì tú ká pátápátá títí di 1893, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó rí ìbọn tí wọ́n ń ti ẹ̀yìn kì rà, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé. Snider wà lára wọn. Ìbàdàn, tí ogun rẹ̀ ń ba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rù, wá rí i pé ṣakabùlà tó pọ̀ jù lọ́wọ́ òun kò tó nǹkan níwájú ìbọn tó ń yìn lẹ́ẹ̀mẹrin kí tòun tó yìn lẹ́ẹ̀kan. Àwọn èèyàn ní ìró ìbọn tó ń dún láàárín àwọn òkè náà ni wọ́n fi sọ ogun ọ̀hún ní Kírìjì.

Àwọn òyìnbó rí i pé ìbọn tuntun ń wọlé. Ní oṣù Keje ọdún 1890, àwọn orílẹ̀-èdè alágbára buwọ́ lu ìwé kan ní Brussels, ní Bẹ́ljíọ́mù. Ìwé náà sọ̀rọ̀ lórí òwò ẹrú, ṣùgbọ́n ó tún fòfin de kíkó ìbọn ìgbàlódé wọ apá tó pọ̀ jù nínú Áfíríkà. Wọ́n fi àyè ẹyọ kan sílẹ̀ fún wa: ìbọn olókùúta tí wọ́n ń ti ẹnu kì, àti ẹ̀tù dúdú rẹ̀. Ẹni tó bá ń rò pé àwọn baba wa kàn kọ̀ láti lọ síwájú ni wọn ò ṣe kúrò nídìí ṣakabùlà, kó rántí ìwé yìí. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn ni.

Àwọn alágbẹ̀dẹ wa wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ṣakabùlà ṣe. Ìlú tí a ti ń fi owú, ọmọ owú àti ẹwìrì ṣe ọkọ́ àti àdá kò ní ṣaláì mọ irin. A ò bu ọlá wọn kù. Ohun tí à ń sọ ni pé àwọn nǹkan mẹ́ta kan wà tí ojú àti ọwọ́ ò lè mọ̀, bó ti wù kí ẹni náà gbọ́n tó.

Ibi tí ewu wà

Àkọ́kọ́ ni ẹ̀tù. Èyí ló ṣe kókó jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Ẹ̀tù ṣakabùlà, ìyẹn ẹ̀tù dúdú tó ní èédú àti imí-ọjọ́ nínú, kì í le ju bó ṣe yẹ lọ bí wọ́n bá sé e mọ́. Lọ́dún 1884, Paul Vieille, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe ẹ̀tù mìíràn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rú èéfín. Ẹ̀tù yìí yàtọ̀: bí wọ́n bá ṣe sé e mọ́ tó ni yóò ṣe máa yára jó tó. Òun ló wà nínú kátíríìjì tí wọ́n ń tà lónìí.

Ẹ wá wo àwọn ọdún yẹn dáadáa. Nígbà tí wọ́n ṣe Snider lọ́dún 1866, tí Colt yí tiẹ̀ lọ́dún 1871, ẹ̀tù Vieille kò tíì délé ayé. Ẹ̀tù dúdú kan náà ló wà nínú kátíríìjì wọn. Ọ̀nà tí ẹ̀tù ń gbà wọnú ìbọn nìkan ni wọ́n yí padà, wọn ò yí agbára tí irin máa gbà mọ́ra padà. Ọdẹ tó yí ṣakabùlà rẹ̀ lónìí ti yí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Báwo ni agbára yẹn ṣe tó? Ẹ lọ wo géèjì fọkanáísà. Táyà mọ́tò kékeré ń gba atẹ́gùn bíi 32. Kátíríìjì onínọ́ńbà 12, tó wọ́pọ̀ fún ìbọn ọdẹ káàkiri ayé, lè dé 11,500 lórí ìwọ̀n kan náà. Ìyẹn ju ti táyà lọ ní ìlọ́po 300, nínú ọ̀pá tí ojú èèyàn sún mọ́. Gbogbo wa la sì mọ ohun tí táyà ẹyọ kan ń ṣe fún fọkanáísà bó bá bẹ́ sí i lára.

Èkejì ni irin. Ọ̀pá ìbọn tí ilé iṣẹ́ ṣe fún kátíríìjì, irin tí wọ́n yàn fún un ni. Páìpù tí wọ́n ṣe fún omi, omi ni wọ́n ṣe é fún. Irin ara mọ́tò tó ti bàjẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ohun tójú ẹ̀ ti rí. Ibi tí wọ́n bá ti jó wẹ́dà lè dán gbinrin lójú, kó sì ti sán nínú. Ìdí nìyí tí àwọn ìlú tó ń ṣe ìbọn fi ń dán an wò. Ní London, wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún 1637. Ní Birmingham, níbi tí ọ̀pọ̀ ìbọn òwò tó wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti jáde, òfin dá ilé ìdánwò sílẹ̀ lọ́dún 1813. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò le: wọ́n á rọ ẹ̀tù tó ju ìwọ̀n tí ìbọn náà máa ń jẹ lọ sínú rẹ̀, wọ́n á yìn ín níbi tí kò sí èèyàn. Bí kò bá bẹ́, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i. Ìbọn tí ọdẹ gbà láti inú àgbẹ̀dẹ kò ní òǹtẹ̀ kankan. Èjìká ọdẹ ni ilé ìdánwò rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àlàfo. Bí kátíríìjì bá gbiná, bàbà ìdí rẹ̀ máa ń wú, á lẹ̀ mọ́ ara irin, òun ló sì ń dí afẹ́fẹ́ gbígbóná lọ́nà kó má padà sẹ́yìn. Àmọ́ bàbà yẹn fẹ́lẹ́. Bí irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò bá gbá a mú ṣinṣin, á fàya, iná àti ègé irin á sì kọjú sí ẹni tó yìn ín. Àlàfo tó lè fa èyí kéré gan-an, kò ju kí bébà fẹ́lẹ́ mélòó kan kọjá níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ní irin ìwọ̀n tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú lásán ò lè rí i.

Ohun tó tún burú ni pé ìbọn bẹ́ẹ̀ lè yìn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹwàá, kí nǹkan kan má ṣe. Ọdẹ á ní, ẹ ò rí i pé ó dára? Àmọ́ irin ń rántí. Gbogbo ìgbà tó bá yìn ló ń sán díẹ̀ sí i, títí ọjọ́ kan.

Kí ni òfin sọ?

Òfin Ìbọn ilẹ̀ wa, tó ti wà láti ọdún 1959, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta.

Apá kìíní ni àwọn tó jẹ́ èèwọ̀ fún aráàlú: ìbọn àràmàǹdà tó ń yìn léraléra, ìbọn ológun, àti gbogbo ìbọn ìléwọ́. Òfin náà dárúkọ ìbọn ìléwọ́ olókùúta pàápàá. Nítorí náà, àwòkọ ìbọn ìléwọ́ ayé àtijọ́ tí ará Amẹ́ríkà lè rà bí ohun ìṣeré, èèwọ̀ ni ní Nàìjíríà, ì báà jẹ́ ẹ̀tù ló ń jẹ tàbí kátíríìjì. Ẹni tí wọ́n bá ká irú rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ láìní àṣẹ, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún mẹ́wàá.

Apá kejì ni ìbọn tí aráàlú lè ní bí wọ́n bá fún un níwèé àṣẹ, irú bí ìbọn ọdẹ oníkátíríìjì tí kì í ki ara rẹ̀.

Apá kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹbí rẹ̀ tí wọ́n ń ti ẹnu kì. Òun náà nílò ìwé àṣẹ.

Ẹ kíyè sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ọdẹ bá yí ṣakabùlà rẹ̀ padà. Ìwé àṣẹ rẹ̀ dárúkọ ìbọn apá kẹta. Ìbọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe apá kẹta mọ́. Bí ọlọ́pàá tàbí sójà bá dá a dúró lójú ọ̀nà, kò sí ìwé kankan tó lè fi hàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú ló rán an jáde láti lọ ṣọ́ oko. Alágbẹ̀dẹ náà ò yọ sílẹ̀, torí òfin kan náà kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni ṣe ìbọn, kó tò ó pọ̀ tàbí kó tún un ṣe láìsí àṣẹ ìjọba. Ẹni tó wá gba ìlú lọ́wọ́ ọ̀daràn á wá dúró níwájú adájọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀daràn.

Kí wá ni ṣíṣe?

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ààbò ló mú ìbéèrè yìí wá, a ò sì ní díbọ́n pé ìmọ̀ràn orí rédíò lè lé ajínigbé lọ. Láti oṣù Kìíní ọdún 2020 tí àwọn gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn Gúúsù ti gbé Àmọ̀tẹ́kùn kalẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń lọ lórí irú ìbọn tó yẹ kó wà lọ́wọ́ wọn. Ibi tó yẹ ká gbé ọ̀rọ̀ náà lọ nìyẹn. Kí ẹgbẹ́ ọdẹ kọ̀wé, kí àwọn ọba àti aṣòfin wa bá wọn gbé e dé iwájú ìjọba, pé ẹni tó ń ṣọ́ ìlú yẹ kó ní ìbọn tó bófin mu tí wọ́n sì ti dán wò. Inú àgbẹ̀dẹ kọ́ ni wọ́n ti ń yanjú ẹ̀.

Ní ti ṣakabùlà tó wà nílẹ̀, àwọn nǹkan wọ̀nyí ò gbọ́dọ̀ yẹ̀:

Ẹ wo ọ̀pá ìbọn yín lójú ọ̀sán. Bó bá ti sán, tó ti wú, tàbí tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́ wọnú, ẹ pa á tì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jó wẹ́dà sí i.

Ẹ̀tù ṣakabùlà ni kí ẹ fi sí ṣakabùlà. Ẹ má tú kátíríìjì láti bu ẹ̀tù inú rẹ̀. Bó ṣe kéré lójú kọ́ ló ṣe kéré lágbára.

Ẹ má ki ìbọn tí ẹ ò dá lójú bóyá ẹ ti kì í tẹ́lẹ̀. Ẹ̀tù méjì nínú ọ̀pá kan ti ba ti ọ̀pọ̀ ọdẹ jẹ́.

Bí ìbọn bá kọ̀ tí kò dún, ẹ má yára wo ẹnu rẹ̀. Ẹ kọjú rẹ̀ síbi tí kò sí èèyàn, kí ẹ ní sùúrù. Iná lè ṣì wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀tù kò gbọ́dọ̀ wà nítòsí ààrò, sìgá tàbí jẹnẹrétọ̀. Ìbọn tí wọ́n ti kì kò gbọ́dọ̀ wọnú ilé tí ọmọdé wà.

Bí ìbọn bá bẹ́ sí èèyàn lára, ẹ má fi epo, iyẹ̀pẹ̀ tàbí àgúnmu sójú ọgbẹ́. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ ojú ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi ìbẹ̀rù ọlọ́pàá fi ẹ̀mí ẹni ṣòfò.

Ẹ yẹ ìwé àṣẹ yín wò, kí ẹ rí i pé kò tíì kọjá ọjọ́, pé ìbọn tó dárúkọ sì ni ẹ gbé lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá ní, kó gba ọ̀dọ̀ olóyè ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú rẹ̀ lọ béèrè ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ wa, bí oníbàárà bá gbé ṣakabùlà wá pé kí ẹ bá òun la ìdí rẹ̀, ẹ sọ fún un pé ẹ ò ṣe. Bó bá béèrè ìdí, ẹ ní kó lọ wo géèjì fọkanáísà.